Ibojì Kejì ní Oǹdó

Ibojì méjì ni wọ́n gbẹ́ fún òkú kan ní Oǹdó lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé jàǹbá ọkọ̀ ló pa tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ òkú kan ṣoṣo ló wà ní mọ́ṣúárì: Yèyé Fẹ̀yìntọlá, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó sùn tí kò jí. Ibojì kejì jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọlọ́runfúnmi lorúkọ ọmọ náà. Ó wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tí ìròyìn kàn pé ogun ti dé Ọrẹ̀. Ó lọ, kò sì padà. Ohun tó kù lára rẹ̀ láyé yìí kò ju irun orí àti èékánná lọ, ìdì kékeré kan bí èkùrọ́. Ìdì yìí ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sínú ibojì kejì lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kí ọmọ náà lè délé. Ọwọ́ Baba Akínwùmí tí wọ́n jọ lọ sógun ni gbogbo ẹbí mọ̀ pé ó wà.

Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ti dé sí, àwa tí a ń fẹnu jagun ní Àkúrẹ́.

Kí n tètè sọ irú ẹni tí a jẹ́. Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ìtàn Ogun ni a pe ara wa. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú la máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Àbdùlláhì, télọ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Iṣẹ́ wa kò ju kí a máa jiyàn lọ: irú bọ́tìnnì wo ló wà lára ẹ̀wù àwọn tó lọ Bọ́mà, àwọ̀ wo ni fìlà ọmọ ogun báyìí-báyìí, apá wo ni ìlà sájẹ́ǹtì máa ń wà. Mo rántí ọjọ́ tí ìjà fẹ́ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nítorí aláǹtakùn tó wà ní èjìká àwọn ṣọ́jà Bọ́mà, pé ṣé orí rẹ̀ ló yẹ kó kọ sísàlẹ̀ ni àbí ìdí rẹ̀. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, ọmọ bíbí Àkúrẹ́ tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ni a ń pè ní Jẹ́nẹ́rà. Jẹ́nẹ́rà ò gbọ́ ìró ìbọn rí àfi ti àwọn ọdẹ níbi òkú, ṣùgbọ́n tó bá ń ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí bẹ́líìtì ṣọ́jà jókòó sí ìbàdí, wàá ní òun ló kó wọn jáde. Èmi ni obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Lọ́lá lorúkọ mi. Tíṣà ìtàn ni mí, ẹnu mi mú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wù ogun Baba Akínwùmí dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wọ́n gbé Baba lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Johnson ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ní Àkúrẹ́, ló gbé e wá, pé kí a pàtẹ rẹ̀ fún aráyé rí ní àyájọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Kò bi bàbá rẹ̀. Ó rò pé ìwúrí ni yóò jẹ́ fún un nígbà tí ojú rẹ̀ bá là. Inú wa dùn dẹ́yìn. Ẹ̀wù gidi, tó lọ sógun gidi, kì í ṣe èyí tí Àbdùlláhì fi máṣìnnì rán. Nǹkan kan ló ń dun Jẹ́nẹ́rà. Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ní èjìká òsì ló yẹ kó wà, apá ọ̀tún ló wà, ó sì wọ́ sílẹ̀ sún mọ́ ìgúnpá. Ẹni tó rán an fi òwú dúdú nípọnnípọn gbá a mọ́ra bí ẹni ń rán ẹnu àpò kòkó.

“Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ológun,” ni Jẹ́nẹ́rà ń wí. “Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá rí i, wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín.”

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ìgbàrà-Òkè. Ọjọ́ tí n kò sí níbẹ̀ yìí ni wọ́n tún un ṣe.

Ọ̀sán Ọjọ́rú mìíràn ni Baba Akínwùmí fúnra rẹ̀ wọlé tọ̀ wá, ọ̀pá lọ́wọ́, fìlà lórí, ọyẹ́ ti fi eruku kun ẹsẹ̀ rẹ̀. A dìde. Jẹ́nẹ́rà kan sálúùtù bí ó ti máa ń ṣe, Baba ò sì dá a lóhùn bí ó ti máa ń ṣe.

“Yèyé Ọlọ́runfúnmi ti lọ,” ó ní. “Ọ̀túnla ni ìsìnkú, ní Oǹdó. Ẹ̀wù mi ni mo wá gbà.”

A kí i kú àṣẹ̀yìndè. Jẹ́nẹ́rà fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀wù náà sílẹ̀ láti ara ògiri. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ń dán. Àmì náà wà ní èjìká òsì, ó tọ́ bí ìlà. Mo rí i lójú Jẹ́nẹ́rà pé ó ń retí ọpẹ́.

Ojú Baba kò tíì ríran dáadáa. Ọwọ́ ló fi wò ó. Ó fọwọ́ ra apá ọ̀tún láti èjìká dé ìgúnpá, ó tún un rà, ó yí apá ẹ̀wù náà sódì, ó rà á nínú. Ìka rẹ̀ dúró lórí àmì ihò abẹ́rẹ́.

“Ta ló tú u?”

“Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà, Baba,” ni Jẹ́nẹ́rà wí. “A kàn…”

“Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

Àbdùlláhì wo Jẹ́nẹ́rà. Jẹ́nẹ́rà wo ilẹ̀. Èmi ń wo àwọn méjèèjì.

“A rí ońdè kan níbẹ̀, Baba,” ni Jẹ́nẹ́rà wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Aṣọ dúdú, òwú yí i ká, ó ti le gbandi. A mọ̀ pé kò sí ọmọ ogun ayé ìgbà yẹn tí wọn ò di nǹkan mọ́ lára. A ò dá yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé Àlùfáà Àgbà máa wá ṣí àtẹ náà. A ò lè gbé oògùn kọ́ sí ojú agbo. Uná ni a fi sun ún, Baba. A gbàdúrà sí i.”

Ó gbàdúrà sí i lóòótọ́. Àbdùlláhì sọ fún mi lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ṣe é: Jẹ́nẹ́rà ń ka Sáàmù, òun ń ké àwọn súrà ààbò, wọ́n da kẹ́rọ́ sí i lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì dúró títí ó fi jó tán kí èṣù má baà sá kúrò nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ àwọn méjèèjì, nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láìjiyàn nìyẹn.

Baba Akínwùmí jókòó.

“Kì í ṣe ońdè,” ó wí. “Ọlọ́runfúnmi ni ẹ sun.”

Ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kejì ni ẹnìkan ti ń gbọ́ rédíò, ó sì dùn mí pé kò pa á. Baba tẹ́ ẹ̀wù náà sórí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni ń jábọ̀ fún ọ̀gá.

“Òwẹ́rì ni wọ́n ti ká wa mọ́. Àwa la gba ìlú náà, kí a tó mọ̀, àwọn ló ti yí wa ká, a wà nínú rẹ̀ bí ẹran inú gàá. Ọ̀nà oúnjẹ dí. Ọkọ̀ òfuurufú á ju àpò oúnjẹ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ bá ọ̀tá, a ó máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú kòtò wa. A jẹ ewé. A jẹ alángbá. Èmi àti Ọlọ́runfúnmi nìkan ni ọmọ Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún nínú kòtò tí a wà. Bí ebi bá pa á jù, á máa ki ara rẹ̀ ní oríkì ilé wọn kó má baà sunkún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a fahọ́n kan irin ìbọn, a búra. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù yóò gbé èkejì délé. Bí kò bá lè gbé òkú, yóò gbé irun, yóò gbé èékánná, bí àwọn baba wa ti ń ṣe fún ẹni tó kú sí ọ̀nà jíjìn.

“Nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí a já jáde, a rìn títí ẹsẹ̀ fi wú nínú bàtà. Létí odò kan ni ìbọn bà á níkùn. Kò pẹ́ nílẹ̀. Apá mi yìí ló dì mú, apá ọ̀tún. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má dúró ti ẹnikẹ́ni. Mo dúró. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni mo fi gé irun rẹ̀. Èékánná rẹ̀, eyín ni mo fi gé e.”

Àbdùlláhì bo ojú rẹ̀.

“Ogun parí, mo gbé e lọ fún Yèyé. Wọ́n ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Yèyé ní irọ́ ni, ọ̀kan ò yá ju èkejì lọ. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. ‘Akínwùmí, níwọ̀n ìgbà tí ojú mi bá là, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún Ọlọ́runfúnmi. Bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá kú, gbé e wá, kí o tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ mi.’ Mo tún fẹnu kan irin níwájú rẹ̀. Apá tó dì mú ni mo rán an mọ́, mo fi àmì ẹgbẹ́ wa bò ó lórí. Èmi ni mo rán an. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ológun.”

Mo fẹ́ kígbe mọ́ Jẹ́nẹ́rà. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, èyí tó máa dun egungun. Nígbà tí mo wò ó, àgbàlagbà náà ti di ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń retí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì lè sọ ọ́. Ìbínú tí n kò rí ibi da sí yẹn ṣì wà nínú mi dòní.

“Níbo lẹ ti sun ún?” ni Baba bi wọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù ni. Gbogbo àdúgbò ló ń sun pàǹtírí níbẹ̀. Ẹni tó sun ọ̀rá, ẹni tó sun èèpo àgbàdo, ẹni tó sun táyà, gbogbo eérú wọn dàpọ̀ sójú kan, ọyẹ́ sì ti fẹ́ èyí tó pọ̀ níbẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Baba Akínwùmí kúnlẹ̀. Ó ń fọwọ́ tú eérú náà, ó ń bù ú, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa. Àwa náà kúnlẹ̀. Jẹ́nẹ́rà pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀ kúnlẹ̀. Ìyàwó kan tó ń ṣa aṣọ lórí okùn bi wá bóyá òrùka ló sọnù. Nígbà tó yá, Baba dá ọwọ́ dúró. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kì í ṣe ohun tí a ń rí nínú eérú, irun kì í ní eérú tirẹ̀ lọ́tọ̀.

A padà sínú ṣọ́ọ̀bù, a ti ilẹ̀kùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa gbìmọ̀ ogun tòótọ́.

Jẹ́nẹ́rà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Baba, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú bí ọkùnrin. Irun ni irun. Onígbàjámọ̀ wà níwájú níbẹ̀ yẹn. Ta ni yóò mọ̀?”

“Ẹ tún fẹ́ fi irun ẹni ẹlẹ́ni sin ín lẹ́yìn tí ẹ ti sun tirẹ̀?” Èmi ni mo dá a lóhùn. “Baba, ẹ jẹ́ kí a lọ sọ òótọ́ fún Màmá Motúnráyọ̀. Àbúrò Ọlọ́runfúnmi obìnrin ni, ọmọ Yèyé. Òun ló ni òkú. Kí wọ́n sin ìyá wọn, kí wọ́n di ihò kejì.”

Baba mi orí. “Ìwọ kì í ṣe ọmọ Oǹdó, Tíṣà. Ibojì tí wọ́n bá ti gbẹ́ kì í ṣófo. Wọ́n ti dárúkọ sí i. Bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún kò bá wọ̀ ọ́, yóò wá ẹlòmíràn nínú ilé. Motúnráyọ̀ ní ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ. Bí mo bá ní n ò rí nǹkan gbé wá, kò tún ní sùn mọ́ títí tí òun náà yóò fi kú.”

“Ẹ gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, Baba?” Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó lè gbé e mì.

“Motúnráyọ̀ gbà á gbọ́,” ó wí. “Òun ló ń gbé inú ilé náà.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i pé òótọ́ tí mo ń polówó yẹn, ìtura tèmi ni mo ń wá nínú rẹ̀. Èmi kọ́ ni yóò máa wo kòtò òfìfo láti ojú fèrèsé.

Baba bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí máṣìnnì.

“Àbdùlláhì, mú àlùmọ́gàjí rẹ wá.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Baba?”

“Irun onígbàjámọ̀ kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tó búra ni yóò wọ ibẹ̀. A ní ẹni tó bá ṣẹ́ kù yóò gbé èkejì délé. Ó dára, ẹni tó ṣẹ́ kù ni mí, n kò sì ní ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ àfi ara mi.”

Jẹ́nẹ́rà dìde gan-gan. “Èèwọ̀! Baba, èèwọ̀ ni! A kì í sin alààyè. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí irun orí yín àti èékánná yín wọ ilẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń mí? Ẹ ń fọwọ́ ara yín pe ikú wá sí ulé!”

“Ikú tó mọ̀ mí láti Òwẹ́rì?” ni Baba wí. “Kó wá. Ó mọ ọ̀nà.”

Àbdùlláhì gé e. Àlùmọ́gàjí aṣọ kì í ṣe ti irun, ó jẹ orí Baba káàkiri, ibi kan gùn, ibi kan kúrú. Baba gé èékánná fúnra rẹ̀. Wọ́n wá aṣọ dúdú, wọ́n dì í, Baba ló yí òwú ká a. Ó di ìdì kékeré. Mo wò ó lórí tábìlì láàárín àwọn bọ́tìnnì àti ẹfun télọ̀, ẹ̀rù sì bà mí gidi.

Lẹ́yìn náà Baba na àlùmọ́gàjí náà sí wa, ó ní kí a búra pé a ò ní sọ ọ́ fún Motúnráyọ̀. Jẹ́nẹ́rà tí kò lè fi ońdè sílẹ̀ lójú agbo nítorí Àlùfáà Àgbà, ó yọ ahọ́n, ó kan irin. Àbdùlláhì kan án. Èmi náà kan án. Ó tutù, ó ń ta mí lẹ́nu bí epo máṣìnnì. N kò bú Jẹ́nẹ́rà lọ́jọ́ náà, n kò sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá Motúnráyọ̀ ti lọ bá àwọn tirẹ̀ ni mo tó kọ èyí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì la gbéra nínú ọkọ̀ Jẹ́nẹ́rà. Baba wọ ẹ̀wù ogun rẹ̀ sórí bùbá, ó de fìlà abetí-ajá mọ́lẹ̀ dé etí. Ìdì náà wà nínú àpò àyà. Ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé òkè ò hàn, igbó sún mọ́ títì lápá méjèèjì, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí ojú ọ̀nà yẹn ti di ohun tí a ń fi àdúrà rìn láyé tí a wà yìí. Kí a tó dé Òwènà ni àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Èyí tó yọjú sí fèrèsé kò lè dàgbà ju ọmọ-ọmọ Baba lọ. Ó wo ẹ̀wù Baba, ó fi ìka kan àmì èjìká òsì.

“Bàbá, kí ni èyí?”

Ojú mi lọ sára Jẹ́nẹ́rà. Ọkùnrin tó lè fi wákàtí ṣàlàyé àmì kan ṣoṣo, ó di ọwọ́ mú lórí sítíárì, kò lanu.

“Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ni,” ni Baba wí. “Wọ́n ti tú ká.”

“N ò rí irú rẹ̀ rí.” Ó ní kí a máa lọ, kí a má dúró níbì kankan lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a dé Oǹdó, ilé ti kún. Wọ́n ti gbé Yèyé dé láti mọ́ṣúárì. Motúnráyọ̀ jáde wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin gbọ̀ngbọ̀n, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀. Ó di Baba mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò sunkún nítorí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbó kó tó lọ. Ohun tó bi Baba ni pé, “Ẹ gbé wọn dé?”

“Mo gbé e dé.”

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yìn ilé ni ibojì méjèèjì wà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan gùn, èkejì kékeré bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ka ìwé, wọ́n kọrin, wọ́n sọ pósí Yèyé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọmọ. Ó ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Baba Akínwùmí yọ ìdì náà lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Motúnráyọ̀.

Mo rò pé yóò tẹ́ ẹ sínú ihò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ ilé, ó gbé ìdì náà lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú.

“Mo fẹ́ rí wọn,” ó wí. “Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n lọ.”

Jẹ́nẹ́rà gbá apá mi mú. Àbdùlláhì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè. Òwú náà bọ́, aṣọ dúdú náà ṣí, oòrùn ọyẹ́ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sì tàn sí i.

Ó funfun. Ó funfun bí òwú. Àwa tí a mọ àwọ̀ gbogbo fìlà ogun láti Bọ́mà títí dé Òwẹ́rì, tí a lè jà lórí àwọ̀ okùn bàtà, kò sí ọ̀kan nínú wa tó rántí pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni Ọlọ́runfúnmi nígbà tó kú.

Motúnráyọ̀ kò mira. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó na ọrùn.

“Motúnráyọ̀, kí ni èyí? Irun yìí ti…”

Ó gbé ọwọ́ sókè, bàbá náà dákẹ́. Ó rọra pa aṣọ náà dé, ó dìde, ó lọ bá Baba Akínwùmí níbi tó dúró sí. Baba ò sá, kò sì wo ilẹ̀. Motúnráyọ̀ fi ìka méjì ká etí fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo orí tí àlùmọ́gàjí ti jẹ káàkiri. Ó fa fìlà náà wálẹ̀ padà, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó jókòó dáadáa.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹbí.

“Àwọn ni,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. “Ọ̀nà ló jìn. Wọ́n ti hu ewú kí wọ́n tó délé.”

Ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ ìdì náà sínú ihò. Olùṣọ́-àgùntàn ka ohun tí wọ́n ń kà, erùpẹ̀ fún erùpẹ̀, ó wá wo ẹbí fún ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀. Baba Akínwùmí ló jáde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti Jẹ́nẹ́rà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀, ó sì dà á lé orí irun ara rẹ̀. Jẹ́nẹ́rà ń sunkún bí ọmọdé, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, áńkáṣíìfù lọ́wọ́ kejì.

Wọ́n bo méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń lọ síwájú ilé, wọ́n ń wá àga, wọ́n ń pe ara wọn. Baba dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti mọra, Baba Johnson ni Motúnráyọ̀ ń pè é, bí gbogbo ayé ti ń pè é. Ó padà wá bá a lẹ́bàá ilẹ̀ tútù náà, ó mú un ní apá ọ̀tún.

“Bùọ̀dá mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká wọlé.”